Eruku ìyẹ̀fun nínú àpótí iná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń lọ àgbàdo ní Kétu. Nígbà ọyẹ́, àpótí iná tó ń darí ẹ̀rọ wa máa ń gbóná, ẹ̀rọ á sì kú lójijì. Ṣé kí a máa fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ alágbára á ti eruku wọ ibi tí irin méjì ti ń pàdé láti gbé iná kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun tó bá fọ́n sínú afẹ́fẹ́ lè gbiná, kí ó sì bú gbàù. Ẹ pa iná láti orísun, kí oníṣẹ́ iná rí i dájú pé kò sí iná mọ́, kí ó tó fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí fa eruku náà jáde.

Àpótí fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mójú tó jù. Ẹ wo àmì IP ara rẹ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ bí àpótí ṣe lè dènà eruku àti omi tó: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti eruku, 5 ń sọ pé ìwọ̀nba eruku tí kò lè dí iṣẹ́ lọ́wọ́ lè wọlé, 6 sì ń sọ pé kò sí èyí tí yóò wọlé rárá. IP65 ni èmi yóò yàn fún ilé ọlọ, ṣùgbọ́n ihò wáyà kan ṣoṣo tí a kò dí lè sọ ọ́ di asán. Àpótí tó dí pa kì í tètè tú ooru sílẹ̀, nítorí náà kí ó láyè nínú dáadáa, kí ó sì wà ní yàrá ọ̀tọ̀.