Ṣé Ẹran Aláìsàn Ni?

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ òbúkọ tí a pa níjọ́ ìkómọ ni mo ń sè. Bí mo ṣe gbé itan rẹ̀ jáde, orí eegun náà bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìdérí ìgò. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fún ẹnikẹ́ni jẹ, pé ẹran náà ti ń ṣàìsàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá Ìkókó, Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ bá mi kí ìyá wa, kí ẹ sọ fún wọn pé kò sí àrùn nínú ohun tí ẹ rí yẹn. Ẹran náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé odò ẹran láti máa yẹ ẹran wò, àgbà alápatà kan ló kọ́ mi, kì í ṣe yunifásítì. Ó mú ẹsẹ̀ iwájú àgùntàn méjì, ó ṣẹ́ wọn lókè pátákò. Ọ̀kan já wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó tutù, ó rí gbágungbàgun. Èkejì kọ̀, kò já níbẹ̀ rárá. Ó ní, "Èyí ọmọdé, èyí àgbà."

Kèrékèré ló wà níbi tó já yẹn, ìbátan èyí tí a ń rún lẹ́nu bí a bá ń jẹ etí ewúrẹ́. Inú ìyá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìkókó yín gan-an, nígbà tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 nínú yín, kò ní eegun lẹ́sẹ̀. Kèrékèré ló kọ́kọ́ ya àwòrán eegun sílẹ̀, kí eegun tó máa gbapò rẹ̀ láti àárín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Eegun kò lè wú láti inú; ẹ̀yìn nìkan ló ti ń fi kún ara rẹ̀. Kèrékèré lè wú. Ìdí nìyẹn tí awẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ kan fi ń kù nítòsí orí eegun níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì ń ga. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, tò léra bí abọ́ tí a kó jọ: wọ́n ń pín, wọ́n ń wú, wọ́n ń ti orí eegun síwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kú, kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ń wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya wọlé, eegun ń hù. Awẹ́ yẹn ni omi gbígbóná yín yọ́.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé bí kálísíọ́ọ̀mù kò bá tó nínú oúnjẹ ọmọ, awẹ́ náà á nípọn ṣùgbọ́n kò ní le, ẹsẹ̀ ọmọ á sì tẹ̀, bí oòrùn tiẹ̀ ń pa á lójoojúmọ́. Nínú ìwádìí kan láti Jos tó jáde ní 1999, àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní kálísíọ́ọ̀mù yá ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D (èyí tí oòrùn ń mú kí ara ṣe) nìkan. Nítorí náà, mà, bí ìkókó bá ti ń jẹun, ẹ máa lọ edé gbígbẹ àti ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun sínú ẹ̀kọ rẹ̀.