Alfa, ṣé ẹ̀sìn gbà mí láyè láti lo oògùn Ayurveda?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Alfa. London ni mò ń gbé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mi ò rí oorun sùn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára mi tí dókítà ń fún mi loògùn ẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan tó ń gbani nímọ̀ràn ìlera lọ́nà Ayurveda ti àwọn ará Íńdíà. Ó fi ìka mẹ́ta di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wo ahọ́n mi, ó ní pitta ló pọ̀ jù lára mi. Ó fún mi ní àgúnmu méjì, triphala àti ashwagandha, ó ní kí n máa fi òróró yánmọtí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ para kí n tó wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé fún mi pé kí n máa wí i nígbà 108 láràárọ̀, ó tún ń béèrè ọjọ́ àti aago tí wọ́n bí mi. Mo ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Alfa, ṣé kì í ṣe pé mo ti ṣẹbọ báyìí?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ìbéèrè yín yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú ẹ̀, tí n bá kàn sọ pé halal ni tàbí haram ni, mo ti tàn yín jẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé àti egbò ná. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (s.a.w.) sọ nínú hádíìsì Bukhari pé Ọlọ́hun ò sọ àrùn kan kalẹ̀ àfi kó sọ ìwòsàn ẹ̀ kalẹ̀, wọn ò sì sọ pé Mẹ́kà nìkan ló bọ́ sí o. Nínú Bukhari yẹn náà wọ́n ní ká máa lo igi Íńdíà, ud al-hindi, pé ìwòsàn méje ló wà nínú ẹ̀, egbò yẹn gan-an sì wà lápò àwọn oníṣègùn Ayurveda títí dòní, kushtha ni wọ́n ń pè é. Nígbà Harun al-Rashid, olórí àwọn Mùsùlùmí láyé ìgbà yẹn, àwọn Mùsùlùmí ní Baghdad túmọ̀ ìwé ìṣègùn àwọn ará Íńdíà sí Lárúbáwá, ẹnìkan ò tìtorí ẹ̀ sọ wọ́n di Híńdù. Torí náà triphala yín, èso igi mẹ́ta tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ ni, kò sí tẹ̀sìn níbẹ̀. Òróró náà, ẹ fi para, kó ṣáà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín tàbí obìnrin bíi tiyín ló ń bá yín fi pa á. Ọ̀rọ̀ pitta, èrò àwọn àgbà ìṣègùn wọn ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń darí ara, vata, pitta àti kapha, ẹ lè gbà á, ẹ lè fi í sílẹ̀, ìgbàgbọ́ yín ò sí níbẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ yẹn ni wàhálà wà. Tí ìyá yín bá gbé àgbo ibà fún yín ẹ ó mu ún, tó bá wá ní kẹ́ ẹ pọfọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó mu ún ńkọ́? Nígbà tí àwọn sàábé béèrè nípa ruqya, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà sára aláìsàn fún ìwòsàn, tí wọ́n ń ṣe kí Islam tó dé, Ànábì ní kí wọ́n kó o wá kí òun wò ó, pé kò sóhun tó burú nínú ruqya tí ẹbọ ò bá ti sí níbẹ̀, ó wà nínú hádíìsì Muslim. Èmi náà wò ó. Orúkọ Dhanvantari ló wà níbẹ̀, ẹni tí àwọn Híńdù kà sí òrìṣà ìṣègùn, "namo" tó ṣáájú ẹ̀ sì túmọ̀ sí pé mo foríbalẹ̀ fún ọ. Obìnrin yẹn lè sọ pé ohùn tí ń mú ọkàn balẹ̀ lásán ni, àmọ́ àwọn tó ni ín ò kà á sí ohùn lásán. Ẹ má wí i, kódà lẹ́ẹ̀kan. (Àwa alfa náà ò mọ́ níbí o, hàǹtú táwọn kan ń fọ̀ fáwọn èèyàn mu tẹ́nìkan ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn náà yẹ ká kó wá ká wò.) Aago ìbí yẹn ńkọ́, ìràwọ̀ wíwò ni wọ́n ń fi ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá lọ bi aríran léèrè nǹkan, Muslim gbà á wá pé ìrun ẹ̀ ò ní jẹ́ àtẹ́wọ́gbà fún ogójì òru.

Ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí. Hádíìsì wà nínú Abu Dawud pé ẹni tó bá ṣe ìṣègùn tí wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn, òun ló ni ẹ̀bi ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ní Íńdíà, ọdún márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n fi ń kàwé Ayurveda ní yunifásítì. Ní Amẹ́ríkà kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì, ẹgbẹ́ àwọn fúnra wọn ló ń pín oyè mẹ́ta, "Health Counselor" ló sì kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Britain níbi tẹ́ ẹ wà, ẹnikẹ́ni lè jí láàárọ̀ kó pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008 àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan ra oògùn Ayurveda 193 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún tó ní òjé, makiúrì tàbí arsenic nínú. Àwọn míì mọ̀ọ́mọ̀ lọ irin mọ́ ọn ni, irú àgúnmu bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn. Ọlọ́hun sì ti ní ká má fọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun, Baqarah 195.

Torí náà ẹ yí ike yẹn wò, ẹ wá lẹ́tà THR, àmì pé ìjọba Britain ti forúkọ oògùn ewé náà sílẹ̀, àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, tí kò bá sí, ẹ dá a padà. Ashwagandha lè tún fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lórí èyí tí oògùn dókítà ti fà á, Denmark tiẹ̀ fòfin dè é lọ́dún 2023, kẹ́ ẹ fi hàn dókítà yín kẹ́ ẹ tó fi kan ẹnu, ẹ má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ẹnikẹ́ni. Tó bá tún gbé olómi fún yín tí orúkọ ẹ̀ parí sí "arishta" tàbí "asava", ọtí wà nínú ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan ni, Ànábì sì ti sọ pé ọtí kì í ṣe oògùn, àìsàn ni.

Wallahu a'lam.