Wíkẹ́ńdì nígboro Ìbàdàn: ibo là ń lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Iṣẹ́ ló gbé mi wá s'Íbàdàn, Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé, mi ò tíì mọ ẹnì kankan. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó ń lọ nígboro láìná owó rẹpẹtẹ?

Ìdáhùn: Ẹ káàbọ̀ sílùú wa o. Cultural Centre wà ní Mọ́kọ́lá yín níbẹ̀, ẹ rìn dé ẹnu géètì, ẹ wo àwọn pósítà tí wọ́n lẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi sìkíọ́rítì pé kí ló ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí eré míì wà tí ìròyìn ẹ̀ ò ní dórí WhatsApp láéláé. Tẹ́ ẹ bá sì wọ Micra láàárọ̀, ẹ tẹ́tí sí rédíò tí dírẹ́bà tàn, wọ́n máa ń polongo níbẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n èmi á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gun Òkè Àrẹ̀ lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn láyé àtijọ́. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ há díẹ̀, ó ń yí po, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dókè, páànù tó ti dípẹtà lẹ máa rí lọ súà, gbọ̀ngàn Mápó níbí, ilé gogoro Cocoa House lọ́hùn-ún ní Dùgbẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an! Ẹ lọ kí oòrùn tó mú.

Agodi Gardens náà dáa, pàápàá tẹ́ ẹ bá lọ́mọ. Tó bá sì di March, ẹ bi àwọn ará àdúgbò nípa ọdún Òkèbàdàn, tí wọ́n bá kọrin èébú lọ́jọ́ náà ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.