Wílò Aràrá Etíkun Àríwá: Báwo Ni A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Yàtọ̀ Síra?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ìlú Tromsø ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni mò ń gbé. Ní oṣù Keje tó kọjá, mo lọ sí etíkun Varanger, mo sì rí àwọn igi kéékèèké kan tí wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láàárín òkúta. Wọ́n sọ fún mi pé wílò (igi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní willow) ni gbogbo wọn. Mo ya fọ́tò ewé wọn, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni áàpù orí fóònù mi ń pe ewé kan ṣoṣo: bó bá pè é ní Salix herbacea lónìí, á pè é ní Salix polaris lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa wò?

Òǹkàwé yín ní Tromsø

Ìdáhùn

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín: ìbátan àwọn wílò gíga tó máa ń hù létí odò ní Yúróòpù ni àwọn igi wọ̀nyí, àmọ́ ẹ̀fúùfù àti òtútù ilẹ̀ àríwá ti sọ wọ́n di aràrá. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Salix herbacea ń gbà rìn. Ṣóńṣó ẹ̀ka pẹ̀lú ewé méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni a sábà máa ń rí lókè, tí gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Nítorí èyí ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ Swídìn, fi pè é ní èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo igi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí kò lè ṣini lọ́nà kúrò. Bí ewé bá le, tí iṣan rẹ̀ rì wọ ojú ewé bí àwọ̀n apẹja, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, Salix reticulata ni. Ilẹ̀ tí òkúta ẹfun pọ̀ sí ni ó fẹ́ràn.

Àwọn méjì tó kù, Salix herbacea àti Salix polaris, ló jọra bí ìbejì, nítorí ewé àwọn méjèèjì rí róbótó, ó ń dán, kò sì sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Etí ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti Salix herbacea ní eyín wẹ́wẹ́ yí ká bí ẹnu ayùn, nígbà tí ti Salix polaris jọ̀lọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè rí eyín kan tàbí méjì ní ìsàlẹ̀ ewé nígbà mìíràn. Ó dà bíi pé ibí yìí gan-an ni fóònù yín ti ń ṣìnà, nítorí fọ́tò tí a yà láti òkè kì í fi eyín tó kéré tó bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì mú dígí tí ń mú nǹkan tóbi dání.

Ẹ̀rí kejì, tí èmi fúnra mi gbẹ́kẹ̀ lé ju ti ewé lọ, wà lára èso. Gẹ́gẹ́ bí ìbẹ́pẹ ṣe ní akọ àti abo, bẹ́ẹ̀ náà ni wílò, abo nìkan ló sì ń so. Ara èso Salix herbacea máa ń dán, kò ní irun, ṣùgbọ́n irun bo ti Salix polaris. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí èso tó là, nítorí tó bá ti là tán, òwú funfun bíi ti igi àràbà, tó ń gbé kóró fò, ni yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa igi kan tí kì í ṣe wílò rárá. Betula nana, tí òun náà kúrú, tó sì wọ́pọ̀ ní agbègbè yẹn, ní ewé róbótó tí etí rẹ̀ ní eyín, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fi í pe Salix herbacea. Ẹ wo èéhù tí ewé tuntun yóò ti yọ: èèpo kan ṣoṣo ló bo ti wílò bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà, ṣùgbọ́n èèpo tó gun ara wọn lérí ló bo ti Betula. Ẹ̀ka Betula pẹ̀lú hàn gbangba lókè ilẹ̀, ó sì le bí igi.

Ó ṣe é ṣe kí ẹ tẹ̀ lé gbogbo èyí, kí igi kan ṣì wà tí kò bá ibì kankan mu: eyín ewé rẹ̀ kò pé, irun èso rẹ̀ sì wà níhìn-ín, kò sí lọ́hùn-ún. Àwọn ẹ̀yà wílò máa ń bá ara wọn bímọ, Salix herbacea àti Salix polaris sì ti bí àdàlù ní àríwá Yúróòpù. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a fi agídí sọ ní orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdàlù ló tọ́.

Bí ẹ bá padà lọ sí Varanger, ìparí oṣù Keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ, nígbà tí èso bá wà lórí igi. Ẹ ya etí ewé nítòsí, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya èso, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ewé orí ẹ̀ka kan náà pàápàá kì í dọ́gba. Ẹ fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wa, a ó sì bá yín yẹ̀ wọ́n wò.