Ọmọ mi ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, owó oúnjẹ ò sì tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Mararaba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja ni mò ń gbé, èmi àtàwọn ọmọ mi méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 15 àti obìnrin ọmọ ọdún 9. Owó tí mo lè yọ sílẹ̀ fún oúnjẹ ò ju 20,000 náírà lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn tí ọjà bá tà. Ọmọkùnrin yìí ló ń dá mi lágara. Á jẹ ìrẹsì abọ́ ńlá méjì, kò ní pẹ́ á tún ti wà nídìí ìkòkò, tí mo bá ra indómì odidi páálí kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹran ti wọ́n, pọ̀nmọ́ ni mo fi ń sebẹ̀. Ó ní òun ò jẹ ẹ̀wà. Aládùúgbò mi kan ní kí n lọ ra blood tonic àti multivitamin fún un, ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan, mà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà o, dietitian ni mí, iṣẹ́ oúnjẹ ni mo kọ́, tẹ́ ẹ bá pè mí ní dókítà níwájú àwọn dókítà gidi ojú á tì mí.

Ọmọ yín kì í ṣe wọ̀bìà. Ọmọkùnrin tó bá wà ní bíi ọdún 13 sí 15 lè fi sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10 ga sí i láàárín ọdún kan ṣoṣo, egungun ń gùn, iṣan ń ki, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, inú abọ́ náà sì ni gbogbo ìyẹn á ti wá. Ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ nílò bíi gíráàmù 52 purotéènì lójúmọ́, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń mọ iṣan. Ẹ wá wo ìrẹsì: nínú gíráàmù 100 ìrẹsì tẹ́ ẹ ò tíì sè, purotéènì ibẹ̀ kò ju bíi 7 lọ. Indómì náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ, inú ẹ̀ ń kún, àmọ́ kì í dúró, torí ìrẹsì funfun tètè ń dà, ìdí nìyẹn tó fi ń padà sídìí ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá wá bu abọ́ kẹta fún un, owó lẹ kàn ń ná, ebi yẹn á tún padà.

Ti pọ̀nmọ́ yẹn ńkọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀, n ò lè jẹ ẹ̀fọ́ kó má sí níbẹ̀. Àmọ́ awọ ni, purotéènì ẹ̀ ò pé, àwọn nǹkan kan tí ara fi ń mọ iṣan kò sí nínú ẹ̀ rárá. Ẹ fi í sọbẹ̀ kó dùn, ẹ má kàn kà á sí ẹran.

Àwa Yorùbá tó wà l'Abuja àti agbègbè ẹ̀, ìṣòro kan tá a ní ni pé Àríwá là ń gbé, ṣùgbọ́n ikùn wa ṣì wà n'Ìbàdàn. A ó máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kó bá wa gbé èlùbọ́ wá, a ó máa wá ewédú kiri, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ l'Ékòó, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń wá, láti Kano, Borno, Niger, sóyà náà ń wá láti Benue nítòsí yín. Àwọn aládùúgbò wa Hausa àti Gbagyi mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó kékeré jẹun tó ní láárí, a kì í wo ohun tí wọ́n ń sè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, bíi ẹ̀kúnwọ́ méjì, ní purotéènì tó bíi 23. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹ rí i pé ẹ̀kúnwọ́ méjì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin mẹ́rin. Gíráàmù 100 ẹ̀pà ní bíi 25, ti sóyà ní bíi 36. N ò ní kọ iye owó sílẹ̀ torí ó lè ti yí padà kí ẹ tó kà á, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọjà lọ́la, ẹ wo owó ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀wà, ẹ wo ti ẹyin mẹ́rin, ẹ wo ti ẹran tó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gbé 20,000 yẹn lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà àti ẹyin díẹ̀, èyí tó bá kù lẹ máa fi ra ìrẹsì àti gàrí. Èèyàn púpọ̀ ló ń ra ìrẹsì ṣáájú, tó bá wá ku ẹgbẹ̀rún méjì wọ́n á máa wá ẹran kiri.

Ó ní òun ò jẹ ẹ̀wà. Ẹ bi í dáadáa, ẹ̀wà wo ni kò jẹ? Ọmọ tèmi náà fi bíi ọdún kan sọ pé ẹ̀wà ń run òun nínú, gbogbo àsìkò yẹn gbẹ̀gìrì ló fi ń jẹ tùwó, kò mọ̀, n ò sì sọ fún un. Ẹ gbé àkàrà gbígbóná síwájú ọmọ yín ká wò ó. Mọ́ínmọ́ín, èkuru, àdàlú, ìrẹsì tí wọ́n da ẹ̀wà mọ́ tó ní ata díndín lórí, gbogbo ẹ̀ ẹ̀wà ni. Kò tiẹ̀ dáa kó dá wà, ohun tó dín nínú ẹ̀wà ló wà nínú ìrẹsì àti àgbàdo, ohun tó dín nínú àwọn yẹn ló wà nínú ẹ̀wà, ìyẹn ni ògì àti àkàrà fi bára mu látìgbà àwọn ìyá wa. Tó bá jẹ́ pé inú ló ń kún ọmọ náà lóòótọ́, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é, inú á dín kíkún kù, á sì tètè jinná, gáàsì yín náà á pẹ́. Ẹ má fi káún sí i, ó máa ń ba fítámì B1 jẹ́.

Àwàrà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbájú mọ́ jù. Ẹni tó bá ti gbé Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ̀ ọ́n sí bẹ́sìkẹ́, wàrà sóyà. Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ bí ìgbà tẹ́ ẹ ń sẹ́ ògì, ẹ gbé omi ẹ̀ kaná kó hó dáadáa, torí sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí ara rí purotéènì inú ẹ̀ lò. Tó bá ti hó, ẹ máa da omidùn sí i díẹ̀díẹ̀, omi kíkan orí ògì yẹn náà ni o, ẹ má tún máa dà á nù mọ́, ẹ máa rí i tó ń dì. Ẹ dà á sínú aṣọ mímọ́, ẹ fún un, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e lórí. Tó bá ti le, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Èèrí tó kù nínú asẹ́, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fi dín àkàrà. Ìgbà àkọ́kọ́ lè má dì dáadáa o, tèmi àkọ́kọ́ bí ògì tó jóná ló rí. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ máa ṣe é, ọmọ ọdún 15 kì í kọ oúnjẹ tó fọwọ́ ara ẹ̀ sè.

Zogale ńkọ́? Ewé mọ̀ríńgà ni, wọ́n ń tà á ní bíbọ̀ káàkiri àwọn ọjà wa, kì í wọ́n. Ẹ ra kúlíkúlí, ẹ gún un, ẹ dà á pọ̀ mọ́ zogale pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì, ata àti iyọ̀ díẹ̀, ó parí, ẹ ò lo gáàsì kankan. Lúrú tí wọ́n ń pè ní kúkà níbí náà dáa. Ẹja ṣáwá kéékèèké tí wọ́n yan gbẹ, ẹ gún un tegungun-tegungun sínú ọbẹ̀, torí kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le, ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ nílò ẹ̀ ju àwa àgbà lọ. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ á jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù (iron, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà àti ewé gbà, Mararaba lẹ sì wà, Orange Market ò jìnnà sí yín. Líptín ni kí wọ́n má mu lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń dí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá lè bá ẹnì kan dá a, ẹ jọ ra ẹ̀wà ní àpò lẹ́yìn ìkórè, bíi October sí December, kó tó máa gbówó lórí nígbà òjò. Tí kòkòrò lẹ ń bẹ̀rù, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ẹnu, ẹ dé e pa pátápátá, kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí atẹ́gùn mí, wọ́n á kú, ẹ ò nílò oògùn apakòkòrò kankan nínú oúnjẹ. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó dúdú tàbí tó korò, ẹ dà á nù, májèlé inú ẹ̀ kì í kúrò pẹ̀lú sísè, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́.

Owó tó ń gbé lọ sí skúùlù, tó bá jẹ́ bísíkíìtì àti mínírà ló ń fi rà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀, ẹ di kúlíkúlí àti ẹyin sísè kan fún un. Á bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ti blood tonic yẹn, ẹ má rà á. Owó ìgò kan ẹ fi ra ẹyin. Tí ojú ẹ̀ bá funfun tàbí tó ń tètè rẹ̀ ẹ́, PHC, ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kí ẹ sì bi wọ́n nípa oògùn aràn níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín, ẹ ò sì kọ ọ́ síbẹ̀: tó bá ń jẹun báyìí tó wá ń rù, tó ń mu omi ṣáá, tó ń dìde tọ̀ lóru léraléra, ìyẹn kì í ṣe ebi ìdàgbà mọ́, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.