Ẹ Bi Wá: Oògùn Olú àti Ọ̀mùnú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Kò Ga

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà la ń sọ di púpọ̀ nínú ìgò. Olú ń bà á jẹ́ fún wa, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn carbendazim mọ́ oúnjẹ rẹ̀, miligíráàmù 500 sí lítà kan. Olú dínkù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀mùnú wá ń yọ ṣùù lójú kan, wọn ò ga, wọn ò sì ta gbòǹgbò. BAP, hómóònù tó ń mú ọ̀mùnú yọ, miligíráàmù 4 la ti ń lò tipẹ́, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ pé oògùn yín ti ń dá kún hómóònù yín. Yàtọ̀ sí pé carbendazim ń pa olú, ó tún máa ń hùwà bíi cytokinin nínú ewéko, ìdílé hómóònù kan náà tí BAP wà. Kò lágbára tó BAP, ṣùgbọ́n BAP yín ti tó tẹ́lẹ̀ kí ó tó dé. Láti 1957 ni Skoog àti Miller ti fi hàn lára tábà pé bí cytokinin bá borí auxin, hómóònù ewéko mìíràn, ọ̀mùnú ló ń yọ. Bí auxin bá borí, gbòǹgbò ni. Tí cytokinin bá wá pọ̀ kọjá ààlà, ojú ọ̀mùnú á máa yọ lórí ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ò ní ráyè gùn.

Ẹ tún gbé ìgò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun funfun bá sùn sísàlẹ̀ agar (ohun tó ń mú oúnjẹ náà dì), oògùn tí kò yòrò nìyẹn. Nǹkan bíi miligíráàmù 8 péré ló ń yòrò nínú lítà omi kan. Ìyókù á rì kí agar tó dì. Ìgò tí ẹ kọ́kọ́ bù àti èyí tí ẹ bù kẹ́yìn kò lè rí oògùn kan náà gbà, àfi tí ẹ bá ń rò ó títí ẹ ó fi bù ú tán. Ẹ yẹ ara páálí wò náà. Bí wọ́n bá kọ 50 WP sí i, ìdajì ohun tí ẹ wọ̀n ni oògùn; ìdajì kejì jẹ́ èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn fún fífín lóko.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ pín ọmọ tó wá láti ara ìyá kan náà sí ọ̀nà mẹ́rin: BAP nìkan, oògùn nìkan, méjèèjì pọ̀, àti èyí tí kò ní ọ̀kankan. Ìgò mẹ́wàá-mẹ́wàá tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀mùnú tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ni kí ẹ kà, ẹ má ka gbogbo ojú tó yọ.

Ní ti èyí tó ti ṣù, ẹ pín in sí kéékèèké, kí ẹ gbé e sínú oúnjẹ tí kò ní BAP, tí kò ní oògùn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá ga, ẹ fún un ní IBA (ọ̀kan lára àwọn auxin) miligíráàmù 1 nínú MS (oúnjẹ ewéko inú ìgò) tí ẹ dín iyọ̀ rẹ̀ sí ìdajì, kí ó lè ta gbòǹgbò. A bẹ̀ yín, ẹ má dá a padà sídìí BAP. Cytokinin àpọ̀jù àti àtúnpín lemọ́lemọ́ máa ń bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jọ ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ tó rà á ló sì máa jìyà rẹ̀ lóko.

Níbo gan-an ni olú náà ti ń bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ ojú agar, tó jìnnà sí ọmọ, afẹ́fẹ́ tàbí ọwọ́ ló gbé e wọlé. Bó bá jẹ́ ojú ibi tí ẹ gé, inú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ hú ló ti wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún iṣẹ́ ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi tebuconazole rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dí gibberellin lọ́wọ́, hómóònù tó ń mú igi gùn. Ewé á dú, igi á ràrá.

Ìbéèrè: Ohun kan tó funfun bí omi ògì ń yí ìdí ọmọ náà ká. Ṣé ká fi oògùn kún un?

Ìdáhùn: Bakitéríà nìyẹn, oògùn olú ò ràn án. Ẹ má ṣí ìgò náà. Ẹ gbé e sínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò) bó ṣe wà, kí ẹ tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀ tẹ́ẹ́ bá ti gbé e sínú rẹ̀ tán, ìwọ̀n 121 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó dà á nù, kí ẹ sì fọ ìgò.