Ọmọ tí a fẹ́ gbà tọ́ ṣì wà ní Ìbàdàn: orúkọ bàbá ta ni kó jẹ́?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a sì ní ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí a ti ń sáré láti gba ọmọ méjì tọ́ láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Ìbàdàn: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10. Bàbá àti ìyá wọn ti kú, ṣùgbọ́n ìyá bàbá wọn ṣì wà ní Ìsẹ́yìn. Kóòtù ti fọwọ́ sí i, físà ló kù. Ẹnìkan gbà wá níyànjú pé kí a pa orúkọ bàbá wọn rẹ́, kí a fi tiwa sí i, kí a sì dín ọjọ́ orí ọmọbìnrin náà kù kí ọ̀rọ̀ lè yá. Ẹlòmíràn ní Ìsìláàmù ò tiẹ̀ fẹ́ irú nǹkan yìí rárá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ là ń dá ni? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá pe ọmọbìnrin yìí lórí fóònù, á ní, "Ṣé oṣù yìí lẹ ń bọ̀, mà?" Kò bèèrè mọ́.

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ parí sí. Ẹ kò bèèrè fàtúwà lórí rẹ̀, síbẹ̀ òun ló wúwo jù lójú mi.

Abdullah ọmọ Amir sọ pé ìyá òun pe òun lọ́jọ́ kan nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì wà nílé wọn. Ìyá náà ní, "Wá, kí n fún ọ ní nǹkan." Ànábì bi í pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì wá ní, ká ní kò fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó purọ́. Abu Dawud ló gba hádíìsì yìí wá. Ẹ wò ó, lórí dàbínù lásán! Kí wá ni ká sọ nípa "oṣù tó ń bọ̀" tí ẹ ti sọ fún ọmọ yìí, bóyá lẹ́ẹ̀mẹwàá? Mo mọ̀ pé ẹ kò ní in lọ́kàn láti purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kéwú ni mo jẹ́ láti kékeré, ilé ààfáà tí kì í ṣe bàbá mi ni mo dàgbà sí, mo sì mọ bí ọmọ ṣe ń ka ọjọ́. Nígbà tí kò bá bèèrè mọ́, kì í ṣe pé ó ti gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ má sọ oṣù tí kò sí lọ́wọ́ yín fún un mọ́, ẹ má sì fi "in shā Allāh" bo ohun tí ẹ kò mọ̀. Ọmọ ọdún 15 ti gbọ́n tó láti gbọ́ òótọ́: pé fáìlì wọn wà ní kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà ní Èkó, pé wọ́n ní láti ṣèwádìí kí ó dá wọn lójú pé ọmọ orúkàn ni wọ́n lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ọmọ ọlọ́mọ jáde nílùú, pé wọn ò sì tíì dá ọjọ́. Ẹ wá ṣèlérí èyí tí agbára yín ká. Bí ẹ bá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsárì lẹ ó máa pè é, ẹ pè é, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ní Ìsìláàmù ò fẹ́ ẹ ti pa nǹkan méjì pọ̀. Gbígba ọmọ orúkàn tọ́, ìyẹn kafālah, kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́. Nínú hádíìsì Sahl ọmọ Sa'd tí Bukhari gbà wá, Ànábì na ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, ó ní báyìí ni òun àti alágbàtọ́ ọmọ orúkàn yóò ṣe wà ní Àlùjánà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, pàápàá dárúkọ kafālah ní abala 20. Ohun tí Ọlọ́hun kọ̀ ni pé kí á sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹ̀jẹ̀ ara wa, kí á sì pa bàbá tó bí i rẹ́.

Ìtàn Zayd, ọmọ tí Ànábì gbà tọ́, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á lọ́jà Ukaz, ó sì dé ọwọ́ Khadijah, ẹni tó fi ta Ànábì lọ́rẹ. Harithah bàbá rẹ̀ sunkún, ó kéwì, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì wà láyé. Nígbà tó wá a rí ní Mẹ́kà, Zayd fúnra rẹ̀ ló yàn láti dúró. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Zayd ọmọ Muhammad, títí ààyà 5 Suratul-Ahzab fi sọ̀ kalẹ̀ pé kí á máa fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n, òun ló tọ́ jù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó padà di Zayd ọmọ Harithah. Ǹjẹ́ ìyẹn dín ìfẹ́ Ànábì sí i kù? Nínú gbogbo sàhábè, ìyẹn àwọn ẹlẹgbẹ́ Ànábì, òun nìkan ni Al-Kùránì dárúkọ, nínú ààyà 37 súrà yẹn kan náà.

Ẹ tún wo Ànábì Yusuf. Ará Íjíbítì tó rà á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, bóyá àwọn yóò fi ṣe ọmọ. Ilé wọn ló dàgbà sí. Síbẹ̀, nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ohun tó sọ ni pé ẹ̀sìn àwọn bàbá òun, Ibrahim, Ishaq àti Yaqub, lòun ń tẹ̀ lé. Yorùbá náà mọ̀ pé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Nítorí náà, ẹ fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ò fi dandan mú yín láti yí i padà. Ní ti ìwé kóòtù tó pè yín ní òbí, kafālah lásán kì í sábà tó fún kọ́ńsúlétì láti fún ọmọ ní físà, àwọn onímọ̀ kan sì gbà kí á lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ààbò ọmọ, bí ọmọ bá ti mọ ẹni tó bí i, tí a kò sì yí ìdájọ́ Ọlọ́hun padà nínú ilé. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Wọ́n lè máa pè yín ní Mọ́mì àti Dádì. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn.

Nínú ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọkọ yín kì í ṣe mahramu ọmọbìnrin yìí, ìyẹn ìbátan tí kò lè fẹ́ ẹ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin yín ọmọ ọdún 17, ẹni tí ẹ̀sìn tilẹ̀ gbà láyè láti fẹ́ ẹ. Yàrá tirẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, híjáábù nígbà tí wọ́n bá wà nílé, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì dá wà pẹ̀lú rẹ̀ níbi ìkọ̀kọ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá bàlágà, ẹ̀yin náà yóò máa bo ara fún un. Bí ẹnìkan bá mú ìtàn Salim wá, sàhábè tí wọ́n fún ní wàrà ọmú nígbà tó ti dàgbà kó lè di mọ̀lẹ́bí ilé tó tọ́ ọ, ẹ sọ fún un pé àwọn ìyàwó Ànábì yòókù yàtọ̀ sí Aisha kọ̀ láti lò ó fún ẹlòmíràn. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọmú ti ń sọni di mọ̀lẹ́bí lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀. Bí ẹ bá rò pé mo le jù, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yusuf nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ogún kò gùn. Wọn ò jogún yín, ẹ ò jogún wọn, ṣùgbọ́n ẹ lè ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ sì lè kọ wàsíyà, ìyẹn ìwé ìhágún, fún wọn tí kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí ẹ kò bá kọ ọ́, òfin ibẹ̀ ni yóò pín ogún yín bó ṣe fẹ́. Wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún bàbá tó bí wọn. Bí ilé tàbí oko bá wà ní Ìsẹ́yìn, kí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ má ṣe jẹ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá kan yóò fi lé wọn.

Irọ́ ọjọ́ orí, hàrámù ni, kò sì wúlò. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń wò ni pé kí ìwé ẹ̀bẹ̀ I-600 ti wọlé kí ọmọ tó pé 16, ó sì sún un sí 18 fún ẹ̀gbọ́n tí òbí kan náà bá gbà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ẹ bi agbẹjọ́rò yín. Bí wọ́n bá ká irọ́ yẹn mọ́ yín lọ́wọ́, ọmọ náà ni yóò jìyà. (Ẹ̀yin tó wà ní London, ẹ má wo ti Houston ṣe tiyín: ìjọba Bìrìtìkó ti dín ìgbàtọ́ ọmọ láti Nàìjíríà kù láti ọdún 2021.)

Ìdúró yìí kì í ṣe ìjókòó lásán. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí Yaqub fi ṣe sùúrù tó rẹwà, ohun tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ wádìí Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ̀rètí nù. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú yín bá lè rí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan gbà, kó wá sí Ìbàdàn, kó kó àwọn ọmọ náà lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ìyá àgbà rí wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ki oríkì wọn, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jù lọ.